Irùngbọ̀n Bàbá Onílàwàní

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo ra ìkòkò tábà náà ní ọjà Portobello, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Èmi kì í mu tábà o. Orí bàbá onírùngbọ̀n tó wé láwàní tí wọ́n gbẹ́ sí i lára ló fà mí. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ débi pé mo kọ́kọ́ rò pé ike ni.

Ó dọ̀tí lójú mi. Ọmọ tí ìyá Yorùbá tọ́, kí ló máa ṣe? Mo gbé omi gbígbóná kalẹ̀, mo mú ọṣẹ àti kànìnkànìn. Mo ti ń fọ̀ ọ́ lọ nígbà tí èékánná mi kan abẹ́ àgbọ̀n bàbá, ló bá wọlé ṣinṣin! Òkúta tí wọ́n fi gbẹ́ ìkòkò náà ti rọ̀ bí ọṣẹ. Ojú èékánná yẹn ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Meerschaum ni òkúta yìí ń jẹ́. Ní èdè Jámánì, ìhó òkun ni. Agbègbè Eskişehir ní Tọ́kì ni wọ́n ti ń wa ògidì rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, àwọn agbẹ́nà ìlú Vienna ní Austria sì fi gbẹ́ àràbarà láàárín ọdún 1800 sí 1900. Ihò tíntìntín ló kún inú rẹ̀. Bó bá gbẹ, ó lè léfòó lórí omi, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ níbẹ̀, á mu ún yó. Òróró tábà náà ló ń mu. Funfun ni wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n fi ìda oyin kùn ún, èéfín ló wá sọ ọ́ di aláwọ̀ oyin. Ẹnì kan ti jókòó fa àwọ̀ yẹn jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún, èmi wá ń pè é ní ìdọ̀tí!

Báyìí, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, gbígbẹ, ni mo fi ń gbọn eruku inú irùngbọ̀n. Aṣọ tó kàn tutù díẹ̀ ni mo fi ń nu ìyókù, mo sì ń nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀. Èédú tó dì sínú rẹ̀, sáńpépà ni mo fi rin ín díẹ̀díẹ̀, n kò fi ọ̀bẹ kàn án. Bí èédú yẹn bá nípọn jù, ooru á mú un wú, ìkòkò á sán. Ẹnu tí wọ́n ń fi fà á, oje igi àtayébáyé tó di òkúta ni, amber. N kì í jẹ́ kí ọtí líle kàn án rárá. Ibi tó ti so mọ́ ìkòkò kò yí. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó mi ní òun ń retí ọjọ́ tí n óo fi irú ọwọ́ pẹ̀lẹ́ yẹn fọ abọ́.