Ìrìnàjò mi sí ibi tí ilẹ̀ ti fò lọ: Mangum, Boise City àti Elkhart

Bí ẹ bá kúrò ní Amarillo ní Texas, tí ẹ kọjú sí àríwá lójú ọ̀nà 287, igi ló máa kọ́kọ́ tán lójú yín. Lẹ́yìn náà ni ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra, títí yóò fi ku ojú ọ̀run, ilẹ̀ tó tẹ́ lọ rẹrẹ, àti atẹ́gùn. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la jọ rin ìrìn yìí. Dallas ni òun ń gbé, Houston lèmi wà. Oṣù kẹta la mọ̀ọ́mọ̀ mú, torí pé ìgbà yẹn ni atẹ́gùn ibẹ̀ máa ń le gan-an, mo sì fẹ́ rí ilẹ̀ náà lásìkò tó le.

Ìmọ̀ ilẹ̀ ọ̀gbìn ni mo kà nílé ẹ̀kọ́ gíga ní Nàìjíríà. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa Dust Bowl, bí eruku ṣe lé àwọn àgbẹ̀ Oklahoma, Kansas, Texas, Colorado àti New Mexico kúrò lóko wọn láàárín 1930 sí 1940. Ìtàn yẹn ti kárí ayé. Èyí tí kò kárí ayé, tó sì ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, ni ohun tó tẹ̀lé e. Báwo ni àwọn tó ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ ṣe tún padà sídìí ohun tó fa ìyà náà kí ogún ọdún tó pé? Kí ló sì wá mú ilẹ̀ náà dúró?

Mangum la kọ́kọ́ yà sí, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Oklahoma, kí a tó forí lé Amarillo. Ẹ̀bá ìlú yìí ni wọ́n ti gbin igi àkọ́kọ́, ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1935, nínú iṣẹ́ tí Ààrẹ Franklin Roosevelt gbé kalẹ̀ láti fi ìlà igi dènà atẹ́gùn láti North Dakota wá dé Texas. Nígbà tí iṣẹ́ náà fi máa dópin ní 1942, igi tí wọ́n gbìn ti tó mílíọ̀nù 220. Bí wọ́n bá to ìlà igi náà mọ́ra, wọn á gùn tó máìlì 18,600. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbẹ, àwọn àgbẹ̀ mìíràn sì ti hú tiwọn kí ẹ̀rọ ìbomirin lè ráyè yí. Àmọ́ a rí àwọn ìlà kan tó ṣì dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Àbúrò mi sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó lọ dúró lẹ́yìn ọ̀kan. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀ níbí." Mo lọ. Fìlà mi tí mo ti ń di mú látàárọ̀ dúró sórí mi fúnra rẹ̀.

Boise City wà ní ìkángun Oklahoma níhà ìwọ̀ oòrùn, òun ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Cimarron. Koríko kúkúrú ni Ọlọ́run fi bo agbègbè yìí, koríko buffalo àti blue grama. Orí rẹ̀ kì í ga, àmọ́ gbòǹgbò rẹ̀ rìn jìnnà nínú ilẹ̀, ó sì so kọ́ra débi tí erùpẹ̀ kò fi lè mira. Láyé àtijọ́, ẹfọ̀n ló ń jẹ ẹ́, àwọn Comanche àti Kiowa, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ń dẹ ẹfọ̀n náà. Òjò ibẹ̀ kò pọ̀, kò sì ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Ó lè rọ̀ dáadáa lọ́dún yìí kó sì kọ̀ láti rọ̀ fún ọdún mélòó kan. Koríko yẹn ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, á ká ara rẹ̀ jọ, á máa retí òjò. Àlìkámà kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Òfin ọdún 1862 ń fún ẹni tó bá fẹ́ dáko ní éékà 160 lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin 1909 sọ ọ́ di 320 níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, owó àlìkámà kọjá dọ́là 2 fún òṣùwọ̀n bushel kan, kátákátá sì dé. Tọ̀sán tòru ni wọ́n fi ń dojú koríko délẹ̀. Nígbà tí owó àlìkámà já wálẹ̀, wọn ò dáwọ́ dúró. Ńṣe ni wọ́n túbọ̀ ń túlẹ̀ sí i, kí wọ́n lè rówó báńkì san. Ọ̀dá wọlé ní 1931, ó bá ilẹ̀ níhòòhò. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 1935, tí wọ́n ń pè ní Black Sunday, ìkùukùu eruku dúdú ṣú bo gbogbo agbègbè náà ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi. Ẹni tó bá dàgbà sínú ọyẹ́ lè rò pé òun mọ eruku. Ọyẹ́ kì í ṣú débi tí èèyàn ò ní rí ọwọ́ ara rẹ̀.

Ìyá àgbà kan ló mú wa yí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú náà ká. Ó fi àwòrán hàn wá, ó sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ta aṣọ tútù bo fèrèsé, bí wọ́n ṣe ń dojú abọ́ délẹ̀ lórí tábìlì títí wọ́n á fi bu oúnjẹ, àti àwọn ọmọdé tí eruku ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́ tí wọ́n sì kú. A ti fẹ́ máa dúpẹ́ nígbà tó ní, "Ti ìyá mi lẹ wá béèrè. Èmi náà rí tèmi o." Mo ní kó jọ̀ọ́, kó sọ ọ́. Òun gan-an ni mo bá wá.

Òjò ti padà lẹ́yìn 1940. Ogun Àgbáyé Kejì bẹ́ sílẹ̀, ayé ń wá oúnjẹ, owó àlìkámà gòkè lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn ará ìlú ńlá tí kì í ṣe ará ibẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá, wọ́n á gbin àlìkámà, wọ́n á padà sílé wọn títí di ìgbà ìkórè. Ilẹ̀ tí koríko ti ń bò padà, wọ́n tún tú u. Nígbà tó di 1950, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ní Texas, ọ̀dá yẹn ò tán títí di 1957. Nígbà tí ọdún 1956 fi máa parí, 244 nínú ìjọba ìbílẹ̀ 254 tó wà ní ìpínlẹ̀ náà ni wọ́n ti kéde pé àjálù dé bá. Eruku tún gbéra nílẹ̀. Ìyá yìí ní iná ni àwọn ń tàn ka ìwé ní kíláàsì lọ́sàn-án gangan.

Ó dùn mí gan-an bí mo ti ń gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ tó bá sọ ìtàn yìí á ní àwọn àgbẹ̀ náà tètè gbàgbé. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jẹ báńkì lówó, tó rí i tí aládùúgbò rẹ̀ ń tú ilẹ̀ tó sì ń rówó, kò lè dá fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún koríko. Bó bá sì dá a fi sílẹ̀ pàápàá, eruku oko kejì á wá bo koríko rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tí ẹnì kan kò lè dá ṣe ni, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ka iṣẹ́ Hugh Hammond Bennett sí pàtàkì ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ.

Ọmọ North Carolina ni Bennett, ìmọ̀ ilẹ̀ niṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń pariwo pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń ṣàn lọ, ó ń fò lọ, tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Ọjọ́ mẹ́tàlá lẹ́yìn Black Sunday ni òfin tó dá Soil Conservation Service, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú ilẹ̀, sílẹ̀ jáde, wọ́n sì fi òun ṣe olórí rẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kọ́ àgbẹ̀ kì í ṣe idán. Òṣìṣẹ́ kan á gbé awò àwọn awọnlẹ̀ dání, á fi èèkàn sàmì sí ibi tí ilẹ̀ ti dọ́gba, kí àgbẹ̀ lè kọ ilẹ̀ ní ìbú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dípò kó kọ ọ́ wálẹ̀. Wọ́n á mọ òkítì gbọọrọ tí á dá omi òjò dúró. Wọ́n á gbin àlìkámà ní ọ̀já kan, ọkà bàbà ní ọ̀já kejì. Àmọ́ ọgbọ́n tó jù níbẹ̀ ni ti 1937. Wọ́n ní kí àwọn ìpínlẹ̀ ṣòfin tí á jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ agbègbè kan dìbò, kí wọ́n dá ẹgbẹ́ ìtọ́jú ilẹ̀ tiwọn sílẹ̀, kí wọ́n yan alákòóso láàárín ara wọn. Ìjọba àpapọ̀ á rán amòye sí wọn, ṣùgbọ́n àwọn ló ni ìjókòó.

Ní Bushland, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Amarillo, a kọjá lẹ́bàá ibùdó ìwádìí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1938. Ibẹ̀ wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti dán fífi pòròpórò bo ilẹ̀ wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. F. L. Duley àti J. C. Russel ti ń ṣe irú rẹ̀ ní Nebraska. Abẹ irin fífẹ̀ kan á gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá, á gé gbòǹgbò èpò, tí pòròpórò àlìkámà á sì ṣì dúró lókè. Pòròpórò yẹn ló ń gba atẹ́gùn dípò erùpẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí òjò díẹ̀ tó bá rọ̀ rí àyè wọlé. Ní Hooker, alágbẹ̀dẹ kan tó ń jẹ́ Fred Hoeme rọ ẹ̀rọ eléyín tó ń la ilẹ̀ sí ògúlùtu láìdojú rẹ̀ délẹ̀. W. T. Graham ní Amarillo ra ẹ̀tọ́ rẹ̀, ó sì tàn kálẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni kò jẹ́ kí ti 1950 burú tó ti 1930.

Síbẹ̀, ìmọ̀ nìkan ò lè san gbèsè. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1956, Ààrẹ Dwight Eisenhower fọwọ́ sí Public Law 1021, èyí tó kan ìpínlẹ̀ mẹ́wàá. Kí òfin yìí tó dé, lẹ́yìn tí àjálù bá ti ṣẹlẹ̀ ni ìrànwọ́ ìjọba sábà máa ń dé. Òun ní tirẹ̀ sanwó ṣáájú. Àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ á jọ rin oko já, wọ́n á mọ ibi tó yẹ fún àlìkámà àti ibi tí kò yẹ, wọ́n á ṣètò fún gbogbo oko náà lápapọ̀. Wọ́n á tọwọ́ bọ àdéhùn ọdún mẹ́ta sí mẹ́wàá. Nígbà náà, ìjọba lè gbé tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó irúgbìn koríko, òkítì, ọgbà wáyà àti omi màlúù. Ẹni tó bá wù ló ń wọ̀ ọ́.

A bá àgbẹ̀ kan pàdé nílé oúnjẹ ní Elkhart, lápá Kansas, bàbá tó ti kọjá àádọ́rin ọdún. Ó ní bàbá òun wà lára àwọn tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. "Kò fẹ́ o. Ó ní kò sí ìjọba tó máa wá pàṣẹ fóun lórí ilẹ̀ òun. Ìgbà tí iyanrìn oko ẹ̀gbẹ́ wa bo ọgbà wa mọ́lẹ̀, tí màlúù ń rìn kọjá lórí rẹ̀, ló tó lọ." Ó tún sọ fún wa nípa òfin Kansas kan. Bí ilẹ̀ ẹnì kan bá ń fò, tí kò sì wá nǹkan ṣe sí i, àwọn kọmíṣọ́nnà ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ láti rán kátákátá lọ síbẹ̀ kó la poro jíjìn ní ìdábùú atẹ́gùn, kí wọ́n sì ka owó rẹ̀ mọ́ owó orí onílẹ̀ náà. Àbúrò mi ní ìyẹn le jù. Bàbá náà wò ó, ó ní, "Kò le tó eruku." Mo wà lẹ́yìn bàbá náà.

Lọ́jọ́ kejì a wọ Cimarron National Grassland, ilẹ̀ koríko tó lé ní éékà 108,000. Oko àwọn tó bá eruku lọ nìyí. Ìjọba rà á lọ́wọ́ wọn, Soil Conservation Service sì gbin koríko sí i, kí wọ́n tó fa ilẹ̀ náà lé Forest Service, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó, lọ́wọ́ ní 1954. Ọdún 1960 ló gba orúkọ tó ń jẹ́ lónìí. A gun òkè olókùúta tí wọ́n ń pè ní Point of Rocks, a sì wo àfonífojì odò Cimarron nísàlẹ̀. Odò náà gbẹ, igi cottonwood nìkan ló fi ibi tó máa ń gbà hàn. Ní gúúsù odò, iyanrìn ṣì wà ní òkìtì òkìtì lábẹ́ koríko. Mo kúnlẹ̀, mo ti ìka bọ ìdí koríko buffalo kan. Gbòǹgbò rẹ̀ ò jẹ́ kí ìka mi wọlé.

Ohun tó wá ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ báyìí ni omi. Ní 1952, Frank Zybach, àgbẹ̀ ní Colorado, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí páìpù ìbomirin tó ń rọra yí po lórí táyà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti túbọ̀ ń fa omi Ogallala, omi inú ilẹ̀ tó wà lábẹ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀ yìí, sókè. Lápá gúúsù, èyí tí wọ́n ń fà ju èyí tí òjò ń dá padà lọ fíìfíì. Bàbá Elkhart ní kànga òun kan ti ń mú afẹ́fẹ́ jáde pẹ̀lú omi. Ó ti dá páìpù ibẹ̀ dúró, ọkà bàbà ló fẹ́ fi òjò gbìn síbẹ̀, koríko ló sì fẹ́ fi bo igun tó níyanrìn jù. Mo bi í bóyá àwọn aládùúgbò rẹ̀ náà fẹ́ dín tiwọn kù. Ó ní wọ́n ń ṣèpàdé lórí rẹ̀, àwọn kan gbà, àwọn kan ò gbà.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ: láti Amarillo, ẹ gba 287 lọ sí Boise City, kí ẹ wá gba 56 lọ sí Elkhart. Ẹ máa kún epo ọkọ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan, torí wọ́n jìnnà síra. Ẹ mú omi àti awò ojú dání bó bá jẹ́ oṣù kẹta tàbí ìkẹrin lẹ máa lọ. Ẹ kọ́kọ́ pe àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà lórí fóònù kẹ́ ẹ tó gbéra, kí ẹ sì gba ìwé àwòrán ọ̀nà ní ọ́fíìsì Forest Service ní Elkhart, torí ọ̀nà inú koríko náà pọ̀, wọ́n sì jọra.