Fláàṣì kan, kọ̀ǹpútà mẹ́ta: bí Windows, Mac àti Linux ṣe ń to fáìlì

Dísìkì ni Windows fi ń bẹ̀rẹ̀. Olúkúlùkù dísìkì ló ní lẹ́tà tirẹ̀: C: ni ti inú kọ̀ǹpútà, torí pé fúlópì (dísìkì pẹlẹbẹ àtijọ́) ló ni A: àti B: láyé ọjọ́sí, ó sì ti kú tán kí ẹnikẹ́ni tó rántí gba lẹ́tà rẹ̀. Ibi tí wàhálà wà ni pé fláàṣì tó jẹ́ E: lónìí lè di F: lọ́la bí òmíràn bá ti ṣáájú rẹ̀ wọlé, gbogbo shortcut (àmì ọ̀nà àbùjá sí fáìlì) tó ń tọ́ka sí E: á wá ṣìnà. Ẹ ṣí Disk Management, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ fláàṣì náà, ẹ yan Change Drive Letter and Paths, kí ẹ sì fún un ní lẹ́tà tó jìnnà, bíi T:.

Lórí Linux àti Mac, igi kan ṣoṣo ló wà, / sì ni gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ̀ka igi náà ni fláàṣì ń di: lábẹ́ /media lórí Ubuntu, lábẹ́ /Volumes lórí Mac. Èyí wù mí ju ti lẹ́tà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí Windows ti mọ́ lára á kọ́kọ́ máa wá D: kiri.

Bí wọ́n ṣe fọ́máàtì fláàṣì, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣètò inú rẹ̀ fún fáìlì, ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba FAT32, àmọ́ fáìlì kan kò gbọ́dọ̀ tó 4GB nínú rẹ̀. Fíìmù 6GB kò ní wọ̀ ọ́, ì báà ṣẹ́ kù 20GB. NTFS (ti Windows) ńkọ́? Mac á kà á, kò ní kọ nǹkan kan sí i. Ti ext4 (Linux) àti APFS (Mac) ló léwu jù: Windows kò mọ̀ wọ́n, á ní kí ẹ tẹ Format disk kí ẹ tó lè lò ó. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ o! Kò sóhun tó ṣe fáìlì yín. Ẹ tẹ Cancel, kí ẹ gbé fláàṣì náà padà síbi tó ti wá.

Fún fláàṣì tó ń ti orí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí òmíràn, ọ̀nà ìfọ́máàtì tó ń jẹ́ exFAT ni kí ẹ lò. Ó ti wà láti 2006, Linux sì ti gbà á sínú kernel (ọkàn Linux fúnra rẹ̀) 5.4 ní 2019. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í ní ìwé àkọsílẹ̀ tí yóò fi tún ara rẹ̀ ṣe bí ẹ bá já a yọ lójijì. Linux pàápàá lè sọ pé òun ti kọ fáìlì tán nígbà tí ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú mẹ́mórì. Ẹ tẹ Eject, tàbí kí ẹ kọ sync sínú Terminal (ojú ìwé tí a ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), kí ẹ sì dúró kó parí.

Orúkọ fáìlì náà tún ní tirẹ̀. Linux ka Ìwé.txt àti ìwé.txt sí méjì. Windows àti Mac, bí wọ́n ṣe sábà máa ń wà, kà wọ́n sí ọ̀kan. Windows kì í gba : tàbí ? nínú orúkọ rárá.

Àmì ohùn wa ló wá le jù. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà kọ ọ́: ọ tó ti ní ẹsẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí á wá fi àmì lé e, tàbí o lásán, ẹsẹ̀ rẹ̀, àti àmì rẹ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ojú kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. HFS+, ọ̀nà ìfọ́máàtì tí Mac ń lò tẹ́lẹ̀, máa ń tú gbogbo rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. APFS tó dé Mac ní 2017 fi í sílẹ̀ bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́, ó sì mọ̀ pé orúkọ kan náà ni. NTFS àti ext4 kò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí Ọjọ́.docx méjì nínú fódà kan, tàbí kí ẹ wá a títí kó má jáde.

Lórí Linux, convmv, irinṣẹ́ tó ń yí orúkọ fáìlì padà, ló ń tún un ṣe. Ẹ kọ èyí sínú Terminal (Iṣẹ́ ni orúkọ fódà tí ẹ fẹ́ tún ṣe):

convmv -r -f utf8 -t utf8 --nfc Iṣẹ́

Ohun tó fẹ́ ṣe nìkan ni yóò kọ́kọ́ fi hàn. Bó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi --notest kún un. Bí orúkọ méjèèjì bá wà nínú fódà náà, ẹ kọ́kọ́ ṣí wọn wò, kí ẹ yí orúkọ ọ̀kan padà, torí inú wọn lè má bára mu.