Kí Ẹ Tó Gbé Iṣẹ́ Ọnà Lọ sí Aṣálẹ̀: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ ní Burning Man

Ẹni tó bá fẹ́ kó èèyàn jọ láti kọ́ iṣẹ́ ọnà lọ sí Burning Man, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń ṣe ní aṣálẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé: ta ni yóò dúró tú u? Ọkọ̀ wo ni yóò kó pákó rẹ̀ padà? Àwòrán tó mú wá lè dára débi pé ẹnu á yà mí, àmọ́ bí kò bá tíì rí ìdáhùn sí ìyẹn, iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. California ni mo ń gbé, mo sì ti bá oríṣiríṣi ẹgbẹ́ gé pákó, tí a jọ wọ inú eruku aṣálẹ̀ náà. Ìtúpalẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rò, kí ẹ tó ro ẹwà.

Ìsàlẹ̀ adágún àtijọ́ tó ti gbẹ ni aṣálẹ̀ Black Rock, ní ìpínlẹ̀ Nevada, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ni. Kò sí igi, kò sí omi ẹ̀rọ. Lọ́dọọdún, ní ìparí oṣù kẹjọ, ìlú tó ń gba nǹkan bí 70,000 èèyàn á hù síbẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà a ó palẹ̀ gbogbo rẹ̀ mọ́. Kò sí ibi ìdalẹ̀nù kankan. Ohun tí ẹ bá gbé wá, ẹ óò gbé e lọ, títí kan èèpo ọsàn. Bí èrò bá ti lọ tán, àwọn òṣìṣẹ́ á tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n á máa rìn díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa ṣa ohun tó ṣẹ́kù, ìjọba á sì wá yẹ ilẹ̀ wò. Nítorí náà, ẹ fi bọ́ọ̀tì so pákó níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí ìṣó dín kù. Ilé ni kí ẹ ti gé pákó, torí ìyẹ̀fun rẹ̀ kò ṣeé ṣà nínú eruku.

Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í ṣeré. Ìjì eruku lè dé lọ́sàn-án gangan, tí ẹ kò ní rí ẹni tó wà níwájú yín. Èèkàn àgọ́ lásán kò lè mú nǹkan dúró. Irin gígùn ni kí ẹ gbá wọlẹ̀, kí ẹ sì bo orí rẹ̀ kó má baà gún ẹni tó ń kọjá lóru. Ẹ tan iná sí iṣẹ́ yín, torí ẹni tó ń sáré bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ lè forí sọ ọ́ nínú òkùnkùn. Omi tí ẹ po fínígà díẹ̀ mọ́ ni kí ẹ máa fi fọ ẹsẹ̀, torí eruku náà ń bó ara. Ẹ gbé oúnjẹ tó lé dání: ní 2023 òjò sọ gbogbo ilẹ̀ di ẹrẹ̀, ọkọ̀ kò lè jáde fún ọjọ́ mélòó kan.

Ní 1986, Larry Harvey àti Jerry James dáná sun ère onígi kan ní Baker Beach, San Francisco. Ibẹ̀ ni Burning Man ti bẹ̀rẹ̀. Ìlànà mẹ́wàá tí Harvey kọ ní 2004 fi ẹ̀bùn àti kíkópa sí ipò gíga, ìyẹn sì kan oníṣẹ́ ọnà gan-an. Ẹ ò lè fi okùn yí iṣẹ́ yín ká. Wọ́n á gùn ún, wọ́n á sùn sínú rẹ̀. Ẹ kọ́ ọ kó lè gbé èèyàn.

Tẹ́ńpìlì, ilé onígi tí wọ́n ń kọ́ síbẹ̀ lọ́dọọdún láti fi rántí òkú, ni ọkàn mi wà jù. David Best ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2000, lẹ́yìn tí ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kú nínú ìjàǹbá alùpùpù. Àwọn èèyàn ń kọ orúkọ òkú wọn sára ògiri rẹ̀, wọ́n ń lẹ fọ́tò àti lẹ́tà mọ́ ọn. Alẹ́ Sátidé tí wọ́n bá sun ère onígi ńlá tí wọ́n ń kọ́ lọ́dọọdún, ariwo á gbòde. Alẹ́ Sọ́ńdè tí Tẹ́ńpìlì bá ń jó, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ gbogbo èrò lẹ́nu. Àwọn ẹbí mi nílé ti bi mí lórí fóònù pé kí ló dé tí èèyàn á fi oṣù púpọ̀ ṣiṣẹ́, tí á wá dáná sun ún. Mo sọ fún wọn pé mo kọ orúkọ ìyá mi síbẹ̀, ẹni tí n kò rí ọ̀nà wálé wá sin. Ẹni tí n kò mọ̀ rí ló yá mi ní bírò, kò bi mí léèrè ohunkóhun. Nígbà tí iná mú ògiri yẹn, mo sun ẹkún tí n kò rí sun láti ọjọ́ tí wọ́n ti túfọ̀ rẹ̀ fún mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a gbé ráákì àti òòfà, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìṣó nínú eérú. Àwọn tó máa dúró ṣe èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó wá ayàwòrán.

Ẹ̀yin tó wà nílé, kò pọn dandan kó jẹ́ Nevada. AfrikaBurn, àjọ̀dún tó fara jọ Burning Man, wà ní aṣálẹ̀ Tankwa Karoo, ní South Africa, láti 2007, ìlànà ẹ̀bùn yìí kan náà ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé. Ẹ kọ́kọ́ bá ẹgbẹ́ tó ti ń kọ́ iṣẹ́ síbẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ sọ iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ mọ̀ fún wọn. Ẹni tó bá mọ irin jó tàbí tó lè tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, wọn kì í lé e padà.