Orúkọ bàbá àgbà wa nínú ìwé onípósí l'Ábẹ́òkúta

Ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ni mo wọ̀ ní Ebute Metta. Ìyá àgbà wa ti papòdà lẹ́ni ọdún 91, èmi ni ẹbí sì ní kí n lọ bá wọn wá pósí. Ní Ládérìn, níbùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè, mo sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ jìnnà sí àárín ìlú, takisí ló gbé mi dé ṣọ́ọ̀bù onípósí ní Aké.

Apá ọ̀tún ṣọ́ọ̀bù náà, pósí ni: arère fún ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ kò tó, ìrókò àti ọ̀gànwó fún ẹni tó ní. Apá òsì, òdòdó ni, wọ́n so ó mọ́ wáyà róbótó-róbótó. Ìyá tó ni ibẹ̀ kò bèèrè iye tí mo mú dání.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Àgbà ni àbí ọ̀dọ́?"

Mo ní àgbà ni, mà. Ó mí kanlẹ̀. "A dúpẹ́. Jókòó, ọmọ mi."

Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìtàn ilé wọn. Láyé àtijọ́, aṣọ àti ẹní ni wọ́n fi ń di òkú, inú ilé ni wọ́n sì ń sin àgbà sí. Àwọn Sàró, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tó padà wálé láti Sierra Leone, mú iṣẹ́ káfíńtà bọ̀. Ní 1846 Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, àtàwọn èèyàn rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta, pósí sì di ti ọmọ ìjọ. Ọmọ ọmọ Sàró kan ló kọ́ bàbá àgbà ìyá yìí níṣẹ́. Ilẹ̀kùn àti àga ló ń kàn tẹ́lẹ̀, kí pósí tó gba gbogbo ọwọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló mú òdòdó wọlé. Imọ̀ ọ̀pẹ ló ń hun ní róbótó, á wá fi òdòdó ẹ̀yìnkùlé há a. Títí dòní, àwọn Mùsùlùmí náà ń wá síbẹ̀ ra pákó tí wọ́n fi ń bo sàréè.

Pósí ọmọdé kì í sí níta. Yàrá ẹ̀yìn ló wà, aṣọ bò ó, owó igi nìkan ni wọ́n sì ń gbà. Ohun tí mo bọ̀wọ̀ fún jù nínú ilé náà nìyẹn.

Ó bèèrè agboolé wa, ó wọ yàrá, ó sì gbé ìwé ńlá kan jáde tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbó. Orúkọ, àdúgbò, gígùn, ìbú èjìká, irú igi, òdòdó. Ó ń ṣí i, ó ń ṣí i. Ó dúró.

Bàbá àgbà wa! Ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 11. Ìrókò. Lábẹ́ òdòdó, wọ́n kọ ọ́ pé: "Ìyàwó rẹ̀ yóò mú un wá láti ilé."

Ìyàwó yẹn la fẹ́ sin báyìí. N kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ìyá ṣí ojú ìwé tuntun, ó bèèrè bí Màmá ṣe ga tó. Mo dìde, mo ní kò ju gíga tèmi lọ, kí wọ́n fi téèpù wọ̀n mí.

"Èèwọ̀! A kì í fi téèpù pósí wọn alààyè. Pe àwọn tó wà ní mọ́ṣúárì."

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìwọ̀n ránṣẹ́ lórí fóònù. Ìyá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbé bírò dúró.

"Òdòdó ńkọ́?"

Mo ní a ó mú un wá láti ilé.