Ṣebí ara ẹ ti yá, kí ló tún ń lọ ṣe níbi ìtọ́jú oògùn yẹn?

Ohun tí wọ́n ń bi àbúrò mi ní àdúgbò wa n'Íkòròdú nìyẹn o, látìgbà tó ti sanra padà díẹ̀ tó sì ti ń kí èèyàn. Mo mọ̀ pé wọn ò ní ibi lọ́kàn, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ń lé èèyàn kúrò nídìí ìtọ́jú ju ara ríro lọ.

Trámá ló ń lò, ìyẹn tramadol, oògùn ara ríro, èyí tí wọ́n ń pè ní 225 yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ fi í sílẹ̀, òógùn, ìgbẹ́ gbuuru, imú tó ń ṣomi, ó ń fẹsẹ̀ gbá ògiri lóru torí oorun ò kùn ún, ìyá wa á sì jókòó tì í pẹ̀lú ife omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Dókítà ló ń darí ẹ̀, ẹ má lọ dá a ṣe nílé jàre, trámá lè fa gìrì.

Tíyẹn bá ti lọ, gbogbo èèyàn á ní ó ti parí. Parí kẹ̀? Tó bá gbowó, tí inú bá bí i, tó bá gba Sábó kọjá tó rí àwọn ọmọ yẹn, ọkàn ẹ̀ ṣì ń fà sí i, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ara tó ti sinmi kì í gbà á bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ o, ẹni tó bá padà lọ gbé iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ mì lè kú.

Àwọn kan tún ní torí pé ìyá wa ló fipá mú un lọ kò ní ṣiṣẹ́. Irọ́ ni. Ìfẹ́ sí ìtọ́jú lè dé nígbà tí èèyàn ti wà nínú ẹ̀. Kọ́ńsẹ́lọ̀ ẹ̀ ní Yábàá ò wàásù fún un rárá, ó kàn bi í pé kí ló ń rí nínú trámá, àbúrò mi ní ó ń jẹ́ kóun lè gbé irin láti àárọ̀ dalẹ́. Kí ló wá gbà lọ́wọ́ ẹ? Ó dákẹ́ títí, ó ní ẹ̀rọ wẹ́dà òun, òun ti tà á. Ẹ̀rọ yẹn ló ń tìtorí ẹ̀ lọ báyìí, ọ̀gá ẹ̀ ní Odogunyan ti ní tó bá lo oṣù mẹ́ta nínú ìtọ́jú òun á yá a ní tòun.

Owó mọ́tò àlọ àtàbọ̀ ló kù tó ń ni wá lára. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fún un ní "ọ̀gá, gba owó ọtí", ẹ gbé ìyẹn fún ìyá wa.