Ọdún Tí Mo Fi Ka Kantíkantí

Láti àná ni mo ti gbé bébà sílẹ̀ pé mo fẹ́ ṣírò ọdún. Ohun méjì péré ni mo tíì kọ: owó tí mo jẹ ìyá oníbúrẹ́dì, àti iye kantíkantí tó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ti búrẹ́dì, màá san án lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ mọ kantíkantí, eṣinṣin tíntìntín tó máa ń rábàbà lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù àti akèrègbè ẹmu. Òun ni mo ń sìn nínú ìgò, tí mo ń fi ìyẹ̀fun àgbàdo, ṣúgà àti yíìsì bọ́. Nígbà tí màámi gbọ́ pé òun ni mo fẹ́ fi gboyè, wọ́n wò mí títí. "Gbogbo owó ilé-ìwé yẹn? Kantíkantí?" Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nítorí ìyá wọn gan-an ni.

Ìyá àgbà ń ṣarán. Aláàdìrẹ ni wọ́n ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárọ̀ ni wọ́n ń bi mí bóyá mo ti jẹun, Àkànjí ni wọ́n sì ń pè mí, orúkọ ọmọ wọn tó ti kú. Àmọ́ ẹ gbé aṣọ funfun àti ìko lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n á ṣẹ́ aṣọ, wọ́n á ká a, wọ́n á fi ìko wé e pinpin, wọn ò ní ṣi ojú kan. Lóṣù Kẹta, aládùúgbò kan ní àjẹ́ ni wọ́n, kí wọ́n yáa jẹ́wọ́. Inú ṣì ń bí mi.

Ní 1906 ni Alois Alzheimer, dókítà ará Jámánì, sọ ohun tó rí nínú ọpọlọ obìnrin kan tó ṣaláìsí: ìdọ̀tí tó ṣù láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, àti fọ́nrán tó lọ́ pọ̀ nínú wọn. Purotéènì méjì ni: amyloid ló ṣù, tau ló lọ́ pọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àìsàn tó ń mú Ìyá àgbà ṣarán. Ta ló lè dúró de àádọ́rin ọdún kó tó rí bí wọ́n ṣe ń ṣọṣẹ́? Kantíkantí, bí ooru bá wà ní 25°C, ọjọ́ mẹ́wàá ló fi ń ti inú ẹyin di àgbà, kò sì fi bẹ́ẹ̀ kọjá oṣù méjì tàbí mẹ́ta láyé. Jíìnì èèyàn, ìyẹn àbùdá tí à ń jogún, ni a ń fi sí i lára, kó lè ṣàìsàn wa fún wa.

Ti tau, ojú ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Ojú kantíkantí kan jẹ́ nǹkan bí 800 ojú kéékèèké tó tò bí afárá oyin. Tí tau bá wọ̀ ọ́, á rí gbágungbàgun. Ti amyloid, bí wọ́n ṣe ń gun òkè ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Màá kó ogún sínú ìgò gígùn, màá gbá ìdí rẹ̀ mọ́ tábìlì, gbogbo wọn á já sísàlẹ̀, wọ́n á sì sáré gòkè bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá láti ka àwọn tó kọjá ìlà. Àwọn ọ̀dọ́ ò ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn aláìsàn, tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n á gùn dé ìdajì, wọ́n á dúró, wọ́n á yọ̀ bọ́. Ọ̀kan gùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, ó já lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ń wò ó títí mo fi gbàgbé pé kíkà ni mò ń kà.

Oṣù Kẹrin ni jàm̀bá. Iná ọba lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀ kọ̀ láti tan, ooru sì mú. Bí ooru bá ti ń súnmọ́ 30°C, akọ wọn kì í lè bímọ mọ́. Ọgọ́fà ìgò ni mo dà nù, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ewé kan tí mo ń lọ̀ mọ́ oúnjẹ àwọn aláìsàn láti dán an wò ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀. Ọ̀gá mi ní kò tó nǹkan tí a ń yọ̀ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé bi mí pé ewé wo ni. Ohun tó gbé kantíkantí gòkè lónìí, mi ò ní sè é fún ìyá ẹnikẹ́ni lọ́la.

Ohun kan múnú mi dùn. Ìwádìí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1992, tí wọ́n fi wé àwọn àgbà Yorùbá Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis l'Ámẹ́ríkà, fi hàn pé àìsàn yìí ń mú tiwa kéré sí tiwọn: 1.15% lọ́dún sí 2.52%. Ó ṣeni láàánú pé ìyá wa wà nínú àwọn díẹ̀ náà.

Láàárọ̀ Kérésì, kantíkantí kan bà lé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà níwájú Ìyá àgbà. Wọ́n fi ọwọ́ lé e dànù.

"Kantíkantí yìí náà!" Wọ́n wá yíjú sí mi. "Àkànjí, ṣé o ti jẹun?"

Mo ní mo ti jẹun, mà.