Ìyá Àgbà Ni Ọ̀gá Wọn

Àbúrò mi tó ń gbé ní Sheffield ló lọ polówó mi fún àwọn òyìnbó, mi ò sì rán an níṣẹ́. Ó ti wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń yìnbọn sí àwo amọ̀ lọ́hùn-ún, gbogbo ọjọ́ Sunday ló ń lọ. Níbi tí wọ́n ti ń mu tíì lọ́jọ́ kan ló ti sọ fún wọn pé ọdẹ ni bàbá bàbá òun ní Ìsẹ́yìn, pé ẹ̀gbọ́n òun ń bọ̀ wá kí òun lóṣù kẹjọ, kí wọ́n wá wo bí ọmọ ọdẹ ṣe ń yìnbọn. Irọ́ kọ́ ni ti bàbá àgbà. Ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ ṣì wà lókè àjà nílé, ó ti dípẹtà. Ṣùgbọ́n èmi tí wọ́n ń polówó yìí, akáǹtáǹtì ni mí ní Garki. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, eku ilé kan ṣoṣo ni mo pa rí, bàtà ni mo sì fi pa á.

Mo ní kó lọ sọ fún wọn pé àpárá lòun ń dá. Ó ní ọ̀rọ̀ ti kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n ti kọ orúkọ mi sílẹ̀, pé òun á fi nǹkan ránṣẹ́ tí mo lè fi kọ́ ọ nínú pálọ̀.

Ẹni tí kò bá mọ eré yìí, bó ṣe rí nìyí. Àwo kékeré kan ni, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 11, gíráàmù 105 ló sì wọ̀n. Ẹnu lásán ni wọ́n fi ń pè é ní amọ̀, ọ̀dà àti lẹ́búlẹ́bú òkúta ẹfun ni wọ́n pò pọ̀. Ayìnbọn á pariwo "Pull!", ẹ̀rọ á ju àwo sókè, onítọ̀hún á yìn ín kó tó balẹ̀. Ní Olympics, ẹ̀rọ 15 ló wà nínú kòtò níwájú wọn, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tó máa jù ú tàbí ọ̀nà tó máa gbà. Àbúrò mi ní kí n fọkàn balẹ̀, pé obìnrin ará Slovakia kan, Zuzana Rehák-Štefečeková, yìnbọn sí àwo 125 ní Tokyo lọ́dún 2021 kí wọ́n tó dé àṣekágbá, gbogbo 125 ló fọ́. Títí di òní, mi ò tíì rí ohun tó wà nínú ìròyìn yẹn tó lè fọkàn èèyàn balẹ̀.

Ìyá ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ó ti Ìbàdàn wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun. Mo sọ fún un pé ẹyẹlé ni wọ́n ń yìn nígbà kan, pé ní Olympics Paris lọ́dún 1900, ẹyẹlé tó ń mí ni wọ́n ń tú sílẹ̀ tí wọ́n ń yìnbọn pa. Màmá gbé ọmọ kúrò lẹ́sẹ̀.

"Ẹyẹlé? Ẹyẹlé tó ń bá onílé jẹ, tó ń bá onílé mu?"

Mo ní ẹyẹlé yẹn náà ni, bẹ́ẹ̀ àwo ti wà nígbà yẹn o, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ George Ligowsky ti gbé e jáde ní Cincinnati láti ọdún 1880. Màmá ní kí n má dárúkọ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ létí ọmọ mọ́. Nígbà tó yé e pé àwo ni tèmi, ó ní ìyẹn ò burú, òun á jókòó wò ó.

Ẹnì kan tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù ló bá wa gbé ẹrù náà: gíláàsì VR tó ń bo ojú pátápátá, àti ìdí ìbọn oníke tí wọ́n ń ki bọ́tìnnì ìtẹ̀ rẹ̀ mọ́ lára. Ìbọn gidi ń gba ìwé àṣẹ, òfin rẹ̀ ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 1959, agbára mi ò sì ká wàhálà ìyẹn. Bí mo ti gbé gíláàsì sójú, pálọ̀ wa ní Kúbwá pòórá. Pápá tútù ni mo bá ara mi, oòrùn ń ràn, ìbọn ẹlẹ́nu méjì wà lọ́wọ́ mi. Mo pariwo "Pull!" Nǹkan aláwọ̀ ọsàn kan fò kọjá. Mo yìn ín, ó bá tiẹ̀ lọ. Èyí tó tẹ̀ lé e náà bá tiẹ̀ lọ. Gbogbo wọn ló ń bá tiwọn lọ.

Orí fóònù ni àbúrò mi ti ń kọ́ mi. "Bọ̀dá mi, ara àwo lẹ̀ ń yìn ín sí. Iwájú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ yìn ín sí! Kí ọta tó débẹ̀, àwo ti kúrò níbẹ̀." Ó ní kí n la ojú méjèèjì. Ó ní bí mo bá fà á tán, kí n má dá ìbọn dúró, kó ṣì máa bá àwo lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ló sọ àwọn ìyẹn. Ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni kò jẹ́ n sinmi. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ìdí ìbọn, Bọ̀dá mi. Tó bá ti ṣí kúrò báyìí, ibi tójú yín ń wò kọ́ ni ọta ń lọ." Àárọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́. Alẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó tilẹ̀ fi àwòrán ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ ránṣẹ́.

Mo fọ́ gílóòbù kan, mo fi ẹnu ìbọn gbá abẹ́ fáànù, ìyàwó mi ò tíì bínú. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé ike náà fúyẹ́ jù. Ìbọn gidi ju kílò mẹ́ta lọ, èyí tó wà lọ́wọ́ mi kò tó ìjábẹ̀. Mo bá gbé e lọ bá káfíńtà ọmọ Ìwó kan ní Dei-Dei. Ọkùnrin náà fi igi gidi gbẹ́ ìdí rẹ̀, ó de páìpù irin méjì mọ́ ọn lẹ́nu, ó kùn ún ní dúdú, ó fi fáníìṣì pa á títí ó fi ń dán. Ó mọṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí mo ń gbé e jáde nínú bùútù mọ́tò, mègáàdì wa wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Mo fún un lówó obì, mo ní ohun ìṣeré ni. Ó gba owó náà lójú fèrèsé.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọwọ́ mi ti ń mọ́lẹ̀. Ohun tí mò ń rí nínú gíláàsì ń jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, Màmá sì di ọ̀gá olùwòran. Á gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, á máa ké, "Ẹ pa á, Bàbá Tóbi! Ẹ má jẹ́ kó lọ!" Ìṣòro kan ni pé ẹ̀rọ inú gíláàsì yìí kò mọ "Pull!" yàtọ̀ sí ariwo mìíràn. Ohùn tó bá ti dún sókè, á ju àwo. Ikọ́ Màmá ti ju àwo rí. Ọmọ sunkún lọ́jọ́ kan, àwo bo ojú ọ̀run.

Lálẹ́ ọjọ́ Friday kan, mo ti wọ gíláàsì sójú ni iná lọ. Èmi ò mọ̀. Bátìrì gíláàsì wà lára rẹ̀, oòrùn ṣì ń ràn ní pápá tèmi. Mo kàn rí i pé ọ̀run gbọ̀n rìrì, ó ní òun ò mọ ibi tí òun wà mọ́, nítorí kámẹ́rà ara rẹ̀ kì í ríran lókùnkùn. Kò pẹ́, ọ̀run padà bọ̀ sípò. Ìyàwó mi ló gbé iná oníbátìrì wá sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn mi, kí n má baà kọlu ọmọ. Oore ló ṣe mí. Ṣùgbọ́n iná náà gbé òjìji mi sára kọ́tìnì, èmi àti ìbọn, a kún fèrèsé láti òkè délẹ̀, gbogbo àdúgbò sì ṣókùnkùn.

Tẹlifíṣọ̀n ti kú, Màmá ò rí nǹkan kan mọ́, ẹnu ló kù tó fi ń bá mi wò ó.

"Bàbá Tóbi, ṣé ó kú?"

"Ó kú, Màmá! Mo pa méjì lẹ́ẹ̀kan!"

"Ó ku mélòó?"

"Ó ku ẹyọ kan, ó ń sá lọ sápá òsì!"

"Ẹ má dá a sí o! Ẹ parí ẹ̀!"

Ará Ìmò ni obìnrin tó ń gbé lẹ́yìn fẹ́ǹsì wa, Mushin ló sì dàgbà sí. Yorùbá rẹ̀ já gaara ju ti àwọn ọmọ mi lọ. Ó jáde wá ká aṣọ lórí okùn, ó gbójú sókè, ó rí òjìji, ó sì gbọ́ gbogbo ìjíròrò yẹn. Wọ́n jẹ́ kí n gbọ́ ohùn tó fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹ́sítéètì lẹ́yìn náà. Ńṣe ló ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó ń mí gúlegúle: àwọn agbébọn ti wọ ilé akáǹtáǹtì, wọ́n ti pa méjì, wọ́n pọ̀ níbẹ̀, ìyá àgbà kan ni ọ̀gá wọn, òun ló ń pàṣẹ.

Ní Abuja tí a wà yìí, kò sẹ́ni tó ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Alága ẹ́sítéètì kọ ọ́ pé kí gbogbo èèyàn dọ̀bálẹ̀ nínú yàrá, a ò sì gbúròó òun fúnra rẹ̀ mọ́. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Akápò béèrè bóyá mo ti san owó ẹ̀ṣọ́ oṣù yẹn. Mègáàdì tó lè là wọ́n lóye ti tún ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Àwọn fijilanté dé, wọ́n yí ilé ká. Mo gbọ́ wọn o, n ò ní purọ́. "Kai! Ajiye bindiga!" Hausa ni, pé kí n gbé ìbọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará ẹ̀yìnkùlé wa, fíìmù Hausa ni wọ́n ń wò lálaalẹ́, ohùn rẹ̀ a sì máa lọ sókè. Mo ní, "Màmá, fíìmù àwọn wọ̀nyí gbóná lónìí." Màmá ò dáhùn. Ó ti wà lábẹ́ tábìlì pẹ̀lú ìyàwó mi àti ọmọ.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti wá ń dára. "Kai!" àwo fò. Mo fọ́ ọ. "Ajiye bindiga!" àwo méjì fò, mo fọ́ méjèèjì. Ariwo ń pọ̀ sí i, àwo ń ya lulẹ̀, mi ò ráyè ronú, ìbọn ń bá wọn lọ fúnra rẹ̀. Kò sí ọjọ́ tí mo yìn ín dé ibẹ̀ yẹn rí. Inú mi dùn débi pé mo fi gbogbo agbára ké "Pull!" Wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ náà bẹ́ sínú gọ́tà.

Lójijì ni ìbọn bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbé gíláàsì sókè orí, tọ́ọ̀ṣì ya bò mí lójú. Ọkùnrin kún pálọ̀ pẹ̀lú kóńdó àti àdá. Èyí tó dúró níwájú, bàbá àgbàlagbà kan tó wọ fìlà onírun, ṣakabùlà ló nà sí mi láyà, irú ti bàbá àgbà gan-an, àfi pé tiẹ̀ ò dípẹtà. Mo káwọ́ sókè. Wọ́n ń jágbe mọ́ mi, gíláàsì sì wà níwájú orí mi, ó ń gbọ́ jíjágbe, ó ń ju àwo. Kò sẹ́ni tó ń yìn wọ́n mọ́. Ohùn òyìnbó inú rẹ̀ ń ké léraléra pé, "Lost! Lost!"

Màmá ló gbà wá. Ó ti ra àlùbọ́sà ní Kano nígbà èwe rẹ̀, Hausa ò ṣe àjèjì sí i. Láti abẹ́ tábìlì ló ti ń ké, "Wasa ne! Wasa ne!" pé eré ni, eré ni. Bàbá oníṣakabùlà gba ìbọn káfíńtà, ó fi imú fa ẹnu páìpù. Kò gbóòórùn ẹ̀tù, fáníìṣì ló gbóòórùn. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fa èérún igi jáde, ó fi ọwọ́ ra á wò lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì, ó sì wò mí láti òkè délẹ̀. Ó gbọ̀n ọ́n dànù sórí rọ́ọ̀gì ìyàwó mi.

Lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ wo inú gíláàsì ọ̀hún.

Mo fi í sí i lójú. Ó gbé ìbọn léjìká, ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́ láìsí ẹni tó kọ́ ọ, ó tẹ orúnkún díẹ̀, kò mí. Gbogbo wa dákẹ́. Ó dúró. A ń wò ó. Ó ṣì dúró. Nígbà tó pẹ́, mo ní kí Màmá bá mi sọ fún un pé àfi kó pariwo kí àwo tó lè jáde. Ó ṣí gíláàsì náà, ó bi mí bóyá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ mi níṣẹ́ ọdẹ ni wọ́n ti sọ fún mi pé kí n máa pariwo fún ẹran kí n tó yìn ín. Ó ní igbó náà ò lẹ́ran. Ó gbé e fún mi, ó sì ní kí wọ́n máa kálọ.

Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni alága tó jáde, ó ní òun ti ń pe ọlọ́pàá látàárọ̀. Ìwé kan wà lẹ́nu géètì báyìí pé kò gbọdọ̀ sí ìbọn nínú ẹ́sítéètì, ì báà jẹ́ ti igi. Mo san owó ẹ̀ṣọ́ oṣù yẹn àti ti oṣù tó ń bọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, akápò fúnra rẹ̀ ló wá gbà á, pẹ̀lú pajámà lọ́rùn.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ fijilanté ti fi fóònù ya fídíò mi lójú fèrèsé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dé Sheffield. Àbúrò mi pè mí, mo ń retí pé kó kí mi kú ewu.

"Bọ̀dá mi," ó ní, "mo dá fídíò yẹn dúró, mo sì fà á tóbi. Ẹ wo èyí tẹ́ ẹ yìn kẹ́yìn kí wọ́n tó gba ìbọn lọ́wọ́ yín. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ti ṣí."